Mo padà nígbà tí ó ku díẹ̀ kí n dé Ìyákẹ́: ṣé mo ṣe é re àbí ojo ló mú mi?

Ọmọ Ìtòkò
Ọjọ́ Ajé, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò, nítorí láti ọjọ́ Sátidé ni ó ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, n kò sì rí ẹni bá sọ ọ́ nínú ilé, bí ìyàwó mi ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ òkè gígùn sí iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́.

Ní Sátidé yẹn, èmi nìkan ni mo gbéra láti Abẹ́òkúta, mo gba Ìgbò-Ọrà, Ẹ̀rúwà àti Láńlátẹ̀ kọjá lọ sí Adó-Àwáyé, kí n lè gun Òkè Adó, kí n sì fojú ara mi rí Ìyákẹ́, adágún omi tó wà lórí àpáta lókè téńté. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sún ìrìn àjò yìí síwájú. Aago 9 ti kọjá kí ọkọ̀ tó kún ní Lafẹ́nwá, nígbà tí mo sì fi máa débẹ̀, oòrùn ti wà ní àtàrí. Wọ́n fi amọ̀nà lọ̀ mí ní ìsàlẹ̀ òkè, mo ní rárá, pé mo ti wo àwòrán ọ̀nà náà títí ó fi wọ̀ mí lórí. Aago 1 ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fẹsẹ̀ lé àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀gùn 369 tí wọ́n mọ sí ara òkè náà.

Ooru ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ewé kan kò mì. Nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn náà tán tí mo bọ́ sórí àpáta gbalasa, mo jókòó, mo mu omi inú ọ̀rá kan, mo gbójú sókè, mo sì rí i pé ìhà ìlà oòrùn ti dúdú bí inú ìkòkò aró. Mo wo fóònù mi, aago 1:40 ni. Mo sọ fún ara mi pé òjò yẹn ṣì jìnnà, bóyá Ìsẹ́yìn ló máa rọ̀ sí. Mo dìde, mo sì ń bá tèmi lọ. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìṣàgè, òkúta tó dá dúró gbọn-in tí wọ́n ní àwọn àgbà ìlú máa ń fi aṣọ funfun wé nígbà ọ̀dá láti tọrọ òjò. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, kò sí aṣọ lára òkúta náà, ẹnikẹ́ni kò sì tọrọ ohunkóhun.

Aago 2 kò tíì lù nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà lójijì. Ooru tó ti bò mí mọ́lẹ̀ láti ọ̀sán ká kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn tútù kan sì já dé láti ìhà tó dúdú yẹn, ó kó eruku àti ewé gbígbẹ lù mí lójú, ó ṣí fìlà mi, ó sì ń yí i lọ lórí àpáta bí abọ́ títí ó fi já bọ́ síbi tí n kò lè tẹ̀ lé e dé. Àwọn alángbá tí wọ́n ti ń sá síwá sá sẹ́yìn níwájú mi láti ìgbà tí mo ti gòkè, n kò rí ẹyọ kan mọ́. Mànàmáná kọ. Bí ẹni ń ṣeré ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ka ení, èjì títí dé ogún kí àrá tó sán.

Bàbá kan tí mo pàdé lórí àtẹ̀gùn ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé láti ẹ̀bá Ìṣàgè, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ mọ́ kí n dé Ìyákẹ́. Mo dúró. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo tún dúró, mo ronú owó ọkọ̀ tí mo san, mo ronú ọdún mẹ́ta. Ní aago 2:10, mo yí padà.

Òjò ká mi mọ́ orí àpáta kí n tó dé àtẹ̀gùn. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ tóbi débi pé mo ń gbọ́ ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí báàgì mi, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dà ṣọ̀ọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gun irú àpáta bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ àwọn ojú ìṣàn dúdú tó máa ń wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo ń gòkè, orí wọn ni ẹsẹ̀ mi ti ń di ilẹ̀ mú jù, wọ́n rí sákisàki bí ara ọ̀pẹ. Bí omi ti kàn wọ́n báyìí, wọ́n di ilá. Bàtà kánfáàsì mi yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì ni mo fi ìgúnpá gbalẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lẹ́, mo sì ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ tí kò tíì rìn, omi ń ṣàn gba abẹ́ itan mi kọjá, mànàmáná sì ń kọ sí mi lójú. Aago 3 kọjá kí ẹsẹ̀ mi tó tẹ ìsàlẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: ní aago 3:40, òjò dá. Oòrùn ràn, òkè náà mọ́ kedere bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, èmi sì jókòó sábẹ́ ìsọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, mo ń gbọ̀n, mo ń wò ó. Ṣé ó yẹ kí n ti sá sábẹ́ àpáta kan, kí n dúró de òjò náà kó dá, kí n sì máa lọ? Àbí mo ṣe é re?

Jagun Kútọ̀
Ọjọ́ Ajé, aago 9:02 alẹ́

Ọmọ Ìtòkò, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ ní kí a bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ní tèmi, ẹ yára padà. Òjò tó bá ṣú báyẹn, bí ó ti ń dé pẹ̀lú ariwo náà ni ó máa ń lọ, ẹ̀yin fúnra yín sì jẹ́rìí sí i pé kò ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Orí òkè yẹn kò ṣàìní ibi tí àpáta ti yọrí bo ilẹ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ sí. Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé abẹ́ òkúta ni orúkọ ìlú wa ti wá? Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé síbí lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ ní 1830, ṣebí inú ihò Olúmọ ni àwọn ìyá wa sá sí tí wọ́n ń se oúnjẹ tí wọ́n sì ń sùn, tí ogun kò rí wọn mú. Bí àpáta bá lè gba odidi ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun, yóò gba ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́wọ́ òjò.

N kò pè yín ní ojo o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ti ná owó, tó ti ná agbára, tó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré fún un, ó yẹ kó fara da òjò díẹ̀.

Olùkọ́ Ìjẹ̀mọ̀
Ọjọ́ Ajé, aago 9:47 alẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ fàyè gbà mí kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ogún tí Ọmọ Ìtòkò kà, nítorí kò mọ̀ pé ohun tó níye lórí jù lọ́jọ́ náà ni òun ń ṣe.

Ojú ẹsẹ̀ ni a ń rí mànàmáná, ṣùgbọ́n ìró àrá máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láti rin kìlómítà kan. Bí ó bá ka ogún, a jẹ́ pé kò tó kìlómítà méje sí ibi tí àrá náà ti sán. Irú ìjì òjò bẹ́ẹ̀, tó ń ti ìlà oòrùn wá sí ìwọ̀ oòrùn ní ilẹ̀ wa, lè rin 50 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tó fi hàn pé kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ kó tó dé orí rẹ̀. Àrá kò sì ní kí òjò tó ba ènìyàn lára kí òun tó sán sí i, ó lè fò kọjá ojú òjò ní kìlómítà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi máa ń sọ pé bí ènìyàn kò bá lè ka ọgbọ̀n láàárín mànàmáná àti àrá, kó kúrò níta, kó sì jẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kó tó padà síta.

Ní ti abẹ́ àpáta, Bàbá Jagun, ọ̀tá tí àwọn ìyá wa sá fún ní Olúmọ kò mọ bí a ti í gba ara òkúta kọjá, àrá sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sán sórí òkè, iná rẹ̀ máa ń gba ara àpáta tútù sọ̀kalẹ̀, bí ó bá sì dé etí ihò tí kò jìn, ó máa ń fò láti òkè ẹnu ihò náà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri àpáta, ara rẹ̀ gan-an ni iná náà yóò fi ṣe afárá.

Ẹ tún jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà débi tó parí sí. Ká ní ó sápamọ́ láti 2:10, òjò dá ní 3:40, ó tún yẹ kó dúró de ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, aago 4:10 ti lù nìyẹn. Lórí àpáta tó ṣì ń yọ̀, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè di ogójì. Kó tó dé Ìyákẹ́, kó wò ó, kó padà dé orí àtẹ̀gùn, aago 6 ti ń lọ, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí aago 7 tó lé. Òun nìkan ni, aṣọ tútù ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì dárúkọ tọ́ọ̀ṣì kankan nínú ohun tó gbé.

Aládìrẹ Ìtokú
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ewu o, ọmọ wa. N kò mọ nǹkan kan nípa físíìsì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: ta ni ó mọ̀ pé ẹ wà lórí òkè yẹn lọ́jọ́ náà? Ẹ ní ìyàwó yín kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣé ẹ sọ fún un pé Adó-Àwáyé ni ẹ ń lọ, tàbí ẹ ní ẹ ń lọ sí òde kan? Ẹ ní ẹ kọ amọ̀nà. Bí ìgúnpá tí ẹ fi gbalẹ̀ yẹn bá ṣe pé orí ni, ta ni ìbá gòkè wá yín, ibo ni wọn ìbá sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ àbúrò mi kan ń rìn báyìí. Fóònù rẹ̀ kú lójú ọ̀nà nígbà kan, odindi ọjọ́ kan àti òru kan ni a fi ń pe ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìlú tó wà fún wa. Àlàáfíà ló padà bọ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Èmi kò rín in.

Jagun Kútọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:05 àárọ̀

Olùkọ́, mo gbọ́ ti àpáta náà, mo sì gbà. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gun Olúmọ ní ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n ohun kan kù tí ẹ kò mẹ́nu kàn: Ọmọ Ìtòkò ń wo aago lára fóònù. Ẹni gbogbo ló mọ̀ pé fóònù máa ń fa àrá. Ó yẹ kó ti pa á.

Olùkọ́ Ìjẹ̀mọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:31 àárọ̀

Bàbá Jagun, fóònù kì í fa àrá, yálà ó wà ní títàn tàbí ní pípa. Ohun tó ń mú ènìyàn sún mọ́ àrá ni gíga ibi tó dúró sí àti bí ó ti dá yọ sókè láàárín ohun tó yí i ká. Lórí àpáta gbalasa tí kò ní igi, orí Ọmọ Ìtòkò gan-an ni ó ga jù níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ há síbẹ̀, tí kò lè sọ̀kalẹ̀, kó kúrò lórí góńgó, kó wá ibi tó rẹlẹ̀ díẹ̀, kó má dúró sábẹ́ igi tó dá wà, kó lóṣòó, kó da ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó má sì dùbúlẹ̀. Lílóṣòó náà kì í ṣe ààbò, ó kàn sàn ju ìdúró lọ ni. Fóònù yẹn ni yóò fi pe ẹni tí yóò wá a, ẹ má jẹ́ kó pa á.

Ọmọ Ọdẹ Odẹ́da
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:15 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ látòkè. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ohun tó sì máa ń sọ fún wa nínú igbó ni pé òjò ilẹ̀ wa kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó máa ń rọ̀ ní oṣù Keje, tí ojú ọ̀run á rí ràkọ̀ràkọ̀ láti àárọ̀, tí yóò máa ṣẹ́ wínníwínní, ènìyàn lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ìbẹ̀rẹ̀ àti òjò ìparí, ìyẹn láti bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún, àti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ẹ̀fúùfù ni wọ́n fi ń ṣíwájú, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n máa ń dé jù. Bàbá mi kì í dúró de àrá rárá. Bí ooru bá ti mú jù láàárọ̀, tí ìlà oòrùn bá ti dúdú, tí ẹyẹ bá dákẹ́, bàbá á ti kó wa sọ́nà ilé. A máa ń bínú sí i nígbà míì, torí òjò náà á yà gba ibòmíràn. Ó ní kò sí ẹni tó ń san owó orí lórí òjò tí kò pa á.

Nítorí náà, Ọmọ Ìtòkò, èmi kò bá yín jà pé ẹ padà. Ibi tí mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni aago 1:40. Ẹ rí ìkòkò aró yẹn, ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ sì dìde ẹ kọrí síwájú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó wà láàárín ìgbà tí ojú yín rí i àti ìgbà tí ẹsẹ̀ yín gbà. Ká ní ẹ yí padà ní 1:40, gbígbẹ ni ẹ ìbá gbẹ dé ìsàlẹ̀, ìdí yín kò bá má wọ́lẹ̀.

Arìnrìn-àjò Ìbarà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:40 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí Ọmọ Ọdẹ mú wá yìí ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lórí òkè tó ga jù tiwa lọ fíìfíì.

Mo lọ gun Òkè Kamẹrúùnù ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èyí tó ga tó 4,040 mítà tí wọ́n ń pè ní Fako, tí ìlú Buea wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. A jẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú amọ̀nà kan. Ní ọjọ́ kejì, a ti jáde kúrò nínú igbó, a ti wà lórí koríko, nígbà tí kùrukùru bò wá débi pé n kò rí ẹni tó wà níwájú mi mọ́, bàtà rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Òjò tẹ̀ lé e, atẹ́gùn sì tẹ̀ lé òjò. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òtútù kò sí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹ rántí pé bí ènìyàn bá gòkè ní 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì mẹ́fà tutù sí i, aṣọ tútù àti atẹ́gùn á sì sọ ìyẹn di ìlọ́po. Ìka mi kò lè tú okùn báàgì mọ́. Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò tutù mọ́, ó fẹ́ bọ́ ẹ̀wù. Amọ̀nà náà wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, “À ń lọ sílé.” Kò bi wá bóyá a fẹ́.

Mo bínú sí amọ̀nà yẹn títí a fi dé Buea. Lẹ́yìn tí mo ti sùn tí mo ti jẹun ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà nìkan ni mo sanwó fún, ẹnu tó ń sọ pé rárá wà nínú owó náà. Ẹni tó bá dá gun òkè kò ní ẹnu yẹn. Òun ni ẹjọ́, òun ni adájọ́, òun sì tún ni ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ náà á sì pẹ́ nílẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí Ọmọ Ìtòkò lò kò yà mí lẹ́nu rárá, ọmọ kékeré ni ní ti ẹni tó wà ní òun nìkan.

Ní ti ojo tàbí akin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Göran Kropp, ọmọ Swídìn tó gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú rẹ̀ dé Nẹ̀pàálì kó lè gun Everest láìlo afẹ́fẹ́ inú ìgò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 1996, ó ku nǹkan bí 100 mítà péré kó dé góńgó, ó wo aago, ó rí i pé ọjọ́ ti lọ, ó sì padà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, ìjì ńlá ká àwọn mìíràn mọ́ orí òkè kan náà, ènìyàn mẹ́jọ ló kú. Kropp tún gòkè, ó sì dé góńgó ní ọjọ́ kẹtàlélógún. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè, tó sì yí padà ní 100 mítà, Bàbá Jagun, ṣé ẹ ó pe ìyẹn ní ẹni tó yára padà?

Jagun Kútọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:10 alẹ́

Mo ti gbọ́. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ, àwọn bàbá wa ti wí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ohun kan: Everest kì í ṣe Òkè Adó, ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ lọ wo adágún. Àwọn ọmọ iléèwé ń gun òkè náà.

Awakọ̀ Lafẹ́nwá
Ọjọ́rú, aago 5:50 àárọ̀

Bàbá Jagun, àwọn ọmọ iléèwé tí ẹ ń sọ yẹn, èmi ti gbé wọn lọ rí. Aago 5 ìdájí ni a gbéra, aago 9 wọ́n ti wà lókè, kí àwọn èèyàn tó jẹun ọ̀sán wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ padà. Ọmọ Ìtòkò kúrò ní gáréèjì lẹ́yìn aago 9, ìyẹn ni pé ìgbà tó yẹ kó máa sọ̀kalẹ̀ ló ń gòkè. Ọkọ̀ tí kò bá tètè kún, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ sílé, ẹ tún wá lọ́jọ́ mìíràn, a kì í gbé òkè lọ. Ẹ tún rántí pé lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀, ihò tó wà lójú ọ̀nà á kún dọ́gba, awakọ̀ kò ní mọ èyí tó jìn, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ìkẹyìn ní ìrọ̀lẹ́ lè sun ojú ọ̀nà.

Ọmọ Ìtòkò
Ọjọ́rú, aago 9:33 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, títí kan Bàbá Jagun, nítorí ohun tí wọ́n sọ ni ohun tí inú mi ti ń sọ fún mi láti Sátidé, ó sì dára kí ẹlòmíràn sọ ọ́ síta kí n lè gbọ́ èsì rẹ̀.

Ìyá Aládìrẹ, mo purọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní mo ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgbò-Ọrà. Lánàá, lẹ́yìn tí mo ka ìbéèrè yín, mo pè é jókòó, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní kí n gbé ìgúnpá náà wá kí òun wò ó. Ó ti wú ju bí mo ti rò lọ.

Ọmọ Ọdẹ, ẹ tọ́ka síbi tó ń dùn mí gan-an. Mo ti ń da ọ̀rọ̀ náà rò bí ẹni pé aago 2:10 ni ìpinnu wà, bẹ́ẹ̀ sì ni pé ní 1:40 ni mo ti mọ̀. Ohun tí mo ń ṣe láàárín rẹ̀ ni pé mo ń dúnàádúrà. Mo ní, bí mo bá dé ibi òkúta yẹn tí atẹ́gùn kò tíì fẹ́, n ó máa lọ. Mo dé ibi òkúta náà, mo tún fi òmíràn sí i. Ìyẹn ni mo fi gba ọ̀rọ̀ Arìnrìn-àjò nípa ẹnu tó ń sọ pé rárá. Nítorí pé èmi kò ní amọ̀nà, mo ti jókòó kọ tèmi sínú ìwé kékeré kan kí n tó tún lọ, nígbà tí ara mi gbẹ, tí inú mi kò sì gbóná sí Ìyákẹ́: bí n kò bá tíì wà lórí àtẹ̀gùn ní aago 9 àárọ̀, n kò ní gùn ún, bí ìlà oòrùn bá dúdú, mo padà láìdúró de àrá, bí ó ti wù kó rí, ní aago 11:30, mo kọ ẹ̀yìn sí góńgó. Ìyàwó mi gba ẹ̀dà rẹ̀, ó sì fi ìlà kan kún un ní ìsàlẹ̀ pé bí òun kò bá gbọ́ ohùn mi di aago 2, òun á pe ẹni tó ń bójú tó ẹnu ọ̀nà òkè náà. Mo ti gba nọ́ńbà ẹni yẹn. Mo sì ti ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín.

Mo ń rò ó láti lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run. Awakọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ó ṣì máa ná ọ̀nà yẹn nígbà náà? Bí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wa níbí bá fẹ́ lọ, kò ní sí pé a ń dúró de ọkọ̀ kó kún.

Awakọ̀ Lafẹ́nwá
Ọjọ́bọ̀, aago 5:12 àárọ̀

Mò ń ná an. Aago 5 ìdájí, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Jagun Kútọ̀
Ọjọ́bọ̀, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ fi èmi kún un. Orúnkún mi kò gba àtẹ̀gùn 369 mọ́, ṣùgbọ́n mo lè jókòó sí ìsàlẹ̀ kí n máa wo ìlà oòrùn fún yín, kí n sì máa pariwo.

Aládìrẹ Ìtokú
Ọjọ́bọ̀, aago 6:58 àárọ̀

Ẹ ra fìlà tuntun fún ọmọ wa, kí ẹ sì so okùn mọ́ ọn.